Ọtí tí mo pọn hó tán kíákíá: ṣé kí n rọ ọ́ sí ìgò?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo wà, lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Bíà ni mo máa ń pọn nílé, lítà 20 lẹ́ẹ̀kan, nínú kẹ́ẹ̀gì funfun. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo da yíìsì sí i, gíráàmù 11, ojúlówó ti bíà, kì í ṣe ti búrẹ́dì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ó ti ń hó, ìfófó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹnu kẹ́ẹ̀gì jáde. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ti dákẹ́, afẹ́fẹ́ kankan ò jáde mọ́ nínú rọ́bà tí mo fi sí ìdérí kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ni mo ń retí. Yàrá náà gbóná, 31°C ni tẹmómítà ara ògiri ń kà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti bàjẹ́ ni àbí ó ti ṣe tán? Àwọn àna mi ń bọ̀ níparí oṣù, òun ni mo fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò.

Ará Ìjàpọ̀:
Ẹ fọkàn balẹ̀, ooru ló fà á. Bí ara yíìsì bá ti gbóná, wàràwàrà ló máa ń jẹ ṣúgà. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, 18 sí 22°C ló bá a lára mu. Ọtí tó ń hó sì tún ń mú ooru tirẹ̀ wá, inú kẹ́ẹ̀gì yín á ti gbóná ju yàrá lọ dáadáa. Ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n jù, ó ṣì ṣe é mu. Àmọ́ bó bá ń ta ọ̀fun bí ògógóró, ìyẹn kì í lọ bọ̀rọ̀, bó ti wù kó pẹ́ nínú ìgò tó.

Ìyá kan l'Óǹdó:
Ọmọ mi, kí ló ń dẹ́rù bà ẹ́? Ẹmu tí wọ́n gbé sọ̀ láàárọ̀, kó tó dalẹ́ ó ti kan, ta ló da yíìsì sí i? Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyá mi ń fi àgbàdo tó hù pọn náà kì í pẹ́ tá a fi ń mu ún. Máa mu tìẹ.

Ará Ìjàpọ̀:
Òótọ́ lẹ sọ, mà. Ṣùgbọ́n ìkòkò ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ń wà, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń rí ọ̀nà jáde, wọn kì í sì í tọ́jú ẹ̀ pẹ́. Ìgò la fẹ́ dé èyí sí. Bí ṣúgà bá ṣẹ́ kù, yíìsì á máa jẹ ẹ́ lọ nínú ẹ̀, ìgò á bẹ́. Mo bẹ yín, àfọ́kù ìgò lè fọ́ ojú ọmọdé.

Ará Ìjọ̀kà:
Pé rọ́bà dákẹ́ ò ní ká sọ pé ó ti tán o. Bí ìdérí ò bá mọ́ra, afẹ́fẹ́ á máa gba ibòmíì jáde. Hydrometer ni kẹ́ ẹ lò, irinṣẹ́ tó ń léfòó nínú ọtí: bí ṣúgà bá ṣe ń tán ni nọ́ńbà tó ń kà á máa wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní 1.050, tó wá wà ní bíi 1.010, tí kò sì yí padà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tán nìyẹn. Tó bá ń lọ sílẹ̀ ṣáá tó sì ń kan, ẹ má rọ ọ́ sí ìgò rárá. Kódà tó bá ti tán, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rọlẹ̀, kí yíìsì sì palẹ̀ òórùn bíi ti bọ́tà tó lè wà nínú ọtí tuntun mọ́.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. 1.012 ló wà, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mo ń gbọ́, kò ta mí lọ́fun. Màá ní sùúrù. Báwo ni n ó ṣe máa mú èyí tó kàn tutù? Iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa.

Ará Ìjọ̀kà:
Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sínú bàsíà ńlá tó lómi, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó kí etí rẹ̀ wọnú omi, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Ẹ máa ju pọ́ọ̀ wọ́tà dídì sínú omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ṣe kókó jù, ìgbà yẹn ni yíìsì ń mú òórùn wọ̀nyẹn wá. Bẹ́ ẹ bá sì rí kveik rà, yíìsì àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Norway, 30 sí 40°C ò ní í lára, ọjọ́ díẹ̀ ló sì fi ń parí iṣẹ́. Òun ni mò ń lò láti oṣù Kejì títí òjò á fi dé. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, mo máa ń padà sí ti tẹ́lẹ̀.