Àrùn ti wọ ilé àwọn àgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn lálẹ́ yìí

Àbíkẹ́yìn, Birmingham:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ òru ni mo wà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, àná ni a sì gbọ́ pé Kòrónà ti mú ẹni méjì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàbá kan wà ní ìsàlẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹni ọdún 88, tí kò fi oúnjẹ kan ẹnu láti àárọ̀. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ tí ó ti kú ni ó fi ń pè mí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nígbà tí ó ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò sì wúkọ́. Ọ̀gá wa ní kí a dúró di òwúrọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Ìbéèrè mi kejì ni pé mo ní iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú mìíràn ní ọ̀túnla. Ṣé kí n lọ? Owó ilé ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Houston:
Àbúrò mi, má dúró di òwúrọ̀. Àrùn yìí lè wà lára arúgbó kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Àìjẹun, ìsọkúsọ òjijì àti ṣíṣubú ni ó máa ń kọ́kọ́ hàn lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ ṣe àyẹ̀wò fún un nísinsìnyí, bí àyẹ̀wò kíákíá náà bá sì sọ pé kò sí, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn wákàtí 48, nítorí pé ó lè má tíì rí àrùn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ìdí tí mo fi ń kán yín lójú ni pé láàárín ọjọ́ 5 tí àmì àrùn bá yọ ni a gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn Paxlovid, dókítà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo gbogbo oògùn tí bàbá ń lò, torí ó máa ń bá àwọn oògùn ọkàn kan àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ jà. Kí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo máa wọlé tọ̀ ọ́ ní òru yìí, pẹ̀lú ìbòmú tí ó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ẹ sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo bàbá nítorí òtútù.

Ìyá Ìbejì, London:
Pe 111, nọ́ńbà tí a ń pè fún ìmọ̀ràn ìlera ní England, kí o sì kọ aago tí o pè wọ́n sínú ìwé. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti fi mọ bí atẹ́gùn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, tí ẹni náà sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, ẹ má gbára lé e nìkan. Ìwádìí kan tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 fi hàn pé ó máa ń ṣi àìtó atẹ́gùn wò lára àwa aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ẹ ka iye ìgbà tí ó ń mí ní ìṣẹ́jú kan.
Èyí kò ṣe àjèjì sí mi. Ní 2020, ilé ìwòsàn dá màmá kan padà sí ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láìṣe àyẹ̀wò kankan fún un, yàrá ìjẹun ni wọ́n sì gbé e lọ tààrà ní ọjọ́ náà gan-an. Ìgbà tí ó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo aláìsàn wò kí wọ́n tó dá wọn sí ilé àgbà, ilé ẹjọ́ gíga sì dájọ́ ní 2022 pé ìlànà tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ kò bófin mu. Kò sí àṣìṣe tí ó tó ìyẹn.

Bàbá Adé, Toronto:
Ẹ má bínú, Ìyá Ìbejì, n kò gbà. Àwa òṣìṣẹ́ tí à ń sáré láti ilé kan sí èkejì ni a gbé e kiri, nítorí pé owó ilé kan kò tó jẹun. British Columbia, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà níbí, rí i ní oṣù Kẹta ọdún 2020, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ mú ilé kan ṣoṣo, wọ́n sì fi owó kún owó wọn kí ó lè ṣeé ṣe. Ontario, ìpínlẹ̀ tiwa, tẹ̀lé wọn ní oṣù Kẹrin. Àbíkẹ́yìn, má lọ sí ilé kejì yẹn.

Ìyá Ìbejì, London:
Bí ọ̀dọ̀ yín bá mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi kó ológun wọ ilé àgbà ní Ontario? Nínú ẹni 10 tí Kòrónà pa ní Kánádà nígbà ìjì àkọ́kọ́, nǹkan bí 8 jẹ́ ará irú ilé bẹ́ẹ̀.

Bàbá Adé, Toronto:
Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí títí di òní. Àwọn ilé àtijọ́ wa ní yàrá tí ẹni mẹ́rin ń sùn sí, kọ́tìnnì nìkan ni ó là wọ́n láàárín. Òfin dé nígbà tí àrùn ti wọlé tán.

Nọ́ọ̀sì, Houston:
Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ jàre. Ní ilé kan ní agbègbè Seattle ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, àwọn àgbà 48 ni àyẹ̀wò bá àrùn lára wọn, 27 nínú wọn kò sì ní àmì kankan ní ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Ìbáà jẹ́ ilé ìwòsàn ni ó ti wá, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó gbé e wọlé, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Bí ẹnì kan bá ti ní i, gbogbo ilé ni kí ẹ yẹ̀ wò, títí kan ẹni tí ń se oúnjẹ.

Àdùkẹ́, Dublin:
Ẹ kò tíì dárúkọ ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ àwa ọmọ. Ìgbàgbé arúgbó ti gba gbogbo Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu bàbá mi, Yorùbá nìkan ni ó kù. "Òùngbẹ ń gbẹ mí" ni ó ń sọ léraléra, òṣìṣẹ́ tí ó wọ ìbòmú sì rò pé àdúrà ni ó ń gbà, ó rọra jáde kí ó má baà dí i lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbà kí n wọlé, pẹ̀lú àyẹ̀wò àti ìbòmú, ife omi méjì ni ó mu láìdánu dúró. Ọmọ kan tí ó mọ èdè àti ìṣesí bàbá rẹ̀ kì í ṣe àlejò, ara olùtọ́jú ni kí wọ́n kà á mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíi omi, ìrora àti ìtọ̀ gàdàgbà sára ògiri lẹ́bàá ibùsùn, kí ẹ sì ya àwòrán sí i.

Bàbá Adé, Toronto:
Àdùkẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ìyá tèmi wà nílé lọ́dọ̀ àwọn àbúrò mi, ojú fóònù ni mo ti ń rí i. Ní 2020, ìyá oníyàá ni mo ń wẹ̀ tọ̀sán tòru níbí, tí mo sì ń bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lórí fóònù pé kí wọ́n kí ìyá mi láti àgbàlá, kí wọ́n má wọ yàrá. Àwọn kan bínú sí mi, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́.

Àbíkẹ́yìn, Birmingham:
Mo ti pe 111. Ìlà méjì ni àyẹ̀wò gbé jáde, àrùn náà wà lára bàbá. Dókítà ń ka àwọn oògùn bàbá lọ́wọ́, ọ̀gá wa náà sì ti ń bọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí ilé kejì pé n kò ní lè wá, wọ́n ní kò sí owó fún ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò wá síbi iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì, London:
Ó káre, àbúrò mi. Yẹ ara rẹ wò kí o tó jáde níbẹ̀ láàárọ̀, kí o sì ní kí ilé kejì kọ ohun tí wọ́n sọ yẹn ránṣẹ́ sí ọ.

Àdùkẹ́, Dublin:
Ta ni ó mọ bí òfin owó àìsàn ṣe rí ní England nísinsìnyí fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé méjì? Ti Ireland nìkan ni mo mọ̀.