Pépà ẹ̀rọ ìpọ́nrin Work Sharp 3000: ibi tí mo parí rẹ̀ sí

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n padà wá parí ọ̀rọ̀ pépà (sandpaper) tí mo bi yín, pé nọ́ńbà wo ni kí n máa lò, èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ àwo gíláàsì ẹ̀rọ yìí láti pọ́n ṣísẹ̀lì àti abẹ ìfági. Bí nọ́ńbà pépà bá ṣe kéré tó ni ara rẹ̀ ṣe ń rí hágahàga tó. Nọ́ńbà 120 kì í ṣe ti ojoojúmọ́; ẹnu irin tó ti kán ni mo fi ń tún ṣe. 400 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 1000, títí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á fi ká sẹ́yìn abẹ, tí ìka á mọ̀ ọ́n lára. 3600 ló ń kó o kúrò. Ẹ má jẹ́ kí irin pẹ́ lórí pépà o: tí ooru bá ti mú kí ẹnu irin yí sí búlúù, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ní kí n máa fi rọ́bà nu pépà, ẹ ṣeun gan-an, èyí tí mo fẹ́ dànù tún ti ń gé irin.