Ṣé wọ́n ti lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sẹ́yìn nínú baseball ni?

Bàbá Onítírélà, Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣe baseball, eré tí wọ́n ń fi igi lu bọ́ọ̀lù, nílé ìwé ní Texas. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi igi lù ú tí eré bá bẹ̀rẹ̀. Ó pè mí ní Sunday, ohùn rẹ̀ ti há. Kóòṣì ní kó lọ jókòó, ìgbà tó bá rẹ ẹlòmíì ni yóò tó wọlé. Wọ́n ní "reliever" ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n mi fárí gá, ó ní kó pa eré tì, kó gbájú mọ́ ìwé. Ṣé ìjókòó náà wá diṣẹ́ ni?

Ọmọ Tákie:
Bàbá, iṣẹ́ gidi ni. Apá ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kì í sábà gbé e dé ìparí. Tó bá ti ju bíi 100 bọ́ọ̀lù, wọ́n á yọ ọ́. Ẹ wo Mariano Rivera, ọmọ apẹja ní Panama, tó ń fi páálí ṣe ìbọ̀wọ́ ní kékeré. Lọ́dún 1995 tí ẹgbẹ́ Yankees ti New York fi í bẹ̀rẹ̀ eré, àwọn alátakò lu bọ́ọ̀lù rẹ̀ káàkiri pápá. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ní 1996. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì ní 2013, ìgbà 652 ló ti bá wọn ti ilẹ̀kùn eré, ìyẹn ni pé ó parí eré láìjẹ́ kí alátakò gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2019, gbogbo olùdìbò Hall of Fame, ilé ọlá àwọn akọni baseball, ló mú un, kò ṣẹlẹ̀ sẹ́nì kankan rí.

Àrẹ̀mọ Ṣábó:
Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Bàbá. Ọ̀pọ̀ wọn, nítorí pé wọn ò kájú ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé wọn síbẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ kò sì ní àtúnṣe. Rivera yìí kan náà ni ẹgbẹ́ Arizona já ife gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2001, ní inning 9, ìpele tó kẹ́yìn eré, nínú eré àṣekágbá!

Bàbá Onítírélà:
Háà, dẹ́rẹ́bà kejì ni! Nígbà tá à ń kó àlùbọ́sà bọ̀ láti Sókótó, ọ̀gá mi á wa ọkọ̀ dé Jẹ́bà, á sùn, èmi á gbà á lóru dé Ìbàdàn. Tí ọjà bá dé láyọ̀, ọ̀gá ni wọ́n ń kí. Tí àlùbọ́sà bá rà, wọn á ní ta ló wà á dé?

Mo ti pe ọmọ náà. Mo ní, "Rivera ńkọ́?" Ó pariwo, ó ní ta ló sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbé fóònù.