Èsì: "ìdàgbàsókè-ẹ̀dá" àti "àjọgbé" (ẹ dákun, ẹ yọ "sókè" kúrò)

> Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo dábàá fún ẹfolúṣàn (evolution, bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran): ìdàgbàsókè-ẹ̀dá. Kí irú méjì máa gbé ibì kan náà: àjọgbé.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣùgbọ́n "sókè" yẹn ò lè dúró. Òkè wo? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Daphne Major, erékùṣù kékeré kan ní Galápagos, lórí òkun Pàsífíìkì, níbi tí Peter àti Rosemary Grant, tọkọtaya onímọ̀ ẹ̀dá, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àgógó ẹyẹ ní 1973. (Àgógó ni mo wí, bíi ti àgógó igún. Kí ẹnikẹ́ni má yọ àmì orí rẹ̀ kó wá di ohun tí à ń lù.)

Ní 1977, òjò kọ̀. Ẹyẹ kékeré tó ń jẹ kóró, Geospiza fortis, ṣa kóró wẹ́wẹ́ jẹ tán, ó wá ku èso Tribulus, ẹlẹ́gùn-ún bíi dágunró. Bí èso yìí bá gbẹ, á là sí márùn-ún. Inú ẹ̀là kọ̀ọ̀kan ni kóró wà, èèpo rẹ̀ sì le bí igi. Ẹyẹ á fi àgógó há a, á máa lọ́ ọ títí ẹ̀gbẹ́ kan yóò fi ṣí. Alágòógó tẹ́ẹ́rẹ́ ò rí i ṣe. Púpọ̀ nínú wọn kú, àwọn alágòógó nínípọn ló yè tí wọ́n bímọ, àgógó àwọn ọmọ náà sì nípọn ju ti ìran tó ṣáájú lọ. Ẹ lè pe ìyẹn ní "sókè" bó bá wù yín. Òjò El Niño (ìgbà tí òkun Pàsífíìkì bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ) wá dé láàárín 1982 sí 1983, koríko hù, kóró wẹ́wẹ́ pọ̀ bí iyanrìn. Nígbà tí ilẹ̀ tún gbẹ, àwọn alágòógó kékeré ló yè jù. Ṣé "ìsọ̀kalẹ̀-ẹ̀dá" nìyẹn?

Àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń dàgbà. Ẹyẹ tó ti gbó kò lè tìtorí ebi mú àgógó rẹ̀ nípọn sí i. Èyí tó ní náà ni yóò bá kú. Ìran ló yí, ẹyẹ ò yí. Nítorí náà: ìyíranpadà.

"Àjọgbé" ńkọ́? Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò ní: "jọ" ń retí kí kálukú mú tirẹ̀ wá. Àwọn ẹyẹ yìí ò bá ara wọn ṣe àdéhùn kankan. Geospiza magnirostris, irú ẹyẹ mìíràn tó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 30 nígbà tí fortis wà ní bíi 18, tẹ̀dó sí Daphne ní ìparí 1982, ó sì bá fortis nílé. "Bá" nìyẹn, gbangba. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ 2003 sí 2004 fi máa dé, magnirostris ti pọ̀, àwọn ló sì ń yára fọ́ Tribulus jù. Fortis alágòógó nínípọn, irú àwọn tó yè ní 1977, ni ebi wá pa jù lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀dá náà ni, èso náà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ló yí padà, nítorí pé aládùúgbò ti dé. Ìbágbé, ẹ̀gbọ́n. "Ì" ni kó sì jẹ́, kì í ṣe "à": ìṣe tó ń lọ lọ́wọ́ là ń dárúkọ.

* * *

Àbúrò, mo kà á tán. Lórí "sókè", mo gbà. Lórí "jọ", rárá o. "Wọ́n jọ kú lọ́jọ́ kan náà": àdéhùn wo ló wà níbẹ̀? O sì fi ìdajì ọ̀rọ̀ pamọ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa magnirostris náà run. Wọ́n jọ jẹ èso tán, ebi sì jọ pa wọ́n.

"Ìyíranpadà" tìrẹ wá ńkọ́? Ìran wo? Èyí tí à ń wò ni àbí ìran bàbá ẹni? Ohùn kan náà ni méjèèjì. Àwọn àgbà tó sọ "ìrandíran" tún un pè lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa rú ni lójú, wọn ò sì dé yunifásítì kankan. Ní ti "à" tí o kọ̀, bí ẹni pé ohun tó ti parí ló ń dárúkọ, ẹnu gbogbo ayé ni "àyípadà" wà, kò sì sí ẹni tó rò pé ó ti parí.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, "ìrandíranyípadà" á gùn ju ẹyẹ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ sì wo "jọ kú" yín dáadáa: ikú ló jọ wá bá wọn, ilé ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má sì pe fortis àti magnirostris ní "ẹ̀yà". Irú (species) ni wọ́n. Inú fortis nìkan ni ẹ ti máa rí ẹ̀yà, alágòógó nínípọn àti kékeré.

* * *

Àbúrò, irú, ẹ̀yà. Lórí Daphne yìí kan náà, fortis a máa gun Geospiza scandens, irú ẹyẹ mìíràn, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn sì ń bímọ. Kí lo fẹ́ pe ìyẹn?