Píláà ààlà ilẹ̀ kan wà nínú ọgbà aládùúgbò: sọ́fè (àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀) wo ni kí a lò?

Ẹ̀yin tó mọ̀ nípa ilé rírà, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni a fẹ́ san owó tó kù lórí ilé kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. A ti yẹ C of O rẹ̀ (ìwé ẹ̀rí ìní ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni) wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba ní Alágbàká, kò lábàwọ́n. Ṣùgbọ́n píláà mẹ́ta péré ni awọnlẹ̀ rí. Ìkẹrin wà nínú ọgbà aládùúgbò, sìmẹ́ǹtì fẹ́ǹsì ti bo ìdajì nọ́ńbà ara rẹ̀. Mítà 1.2 nínú ilẹ̀ náà ti bọ́ sínú ọgbà rẹ̀. Aládùúgbò kò gbà kí a wó fẹ́ǹsì náà. Ẹni tó ń tà á ní kí a ya sọ́fè tuntun. Lọ́yà wa ní sọ́fè àtijọ́ tó wà lára C of O ni kí a lò, kí ìyọ̀ǹda gómìnà sí títa ilé náà má baà há. Èwo ni kí a so mọ́ Deed of Assignment (ìwé tó ń gbé ilé náà lé wa lọ́wọ́), ṣé a sì lè dá apá kan owó dúró lọ́wọ́ lọ́yà títí ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yóò fi yanjú?