Ṣé irin olómi lè gba iṣẹ́ kábọ̀nù jẹnẹrétọ̀?

Ọmọ Owé, Kàbà: Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ti sú mi. Kábọ̀nù mẹ́ta, èyí tó ń fara kan òrùka bàbà tó ń yí kí iná lè kọjá, ni mo ti pààrọ̀ láàárín oṣù méjì. Iná ń ta páràpárà lójú òrùka bàbà, bùlọ́ọ̀bù ń ṣẹ́jú, kílípà ń kérora lórí oníbàárà. Mo wá rí fídíò kan: wọ́n yọ kábọ̀nù, wọ́n fi irin olómi tí wọ́n ń pè ní Galinstan rọ́pò rẹ̀. Kò ní eruku dúdú, kò sì ń jẹ. Ẹnìkan lè bá mi rà á l'Ékòó. Ṣé kí n gbé e sí i?

Ìyá Ìbejì, Mọ̀pà: Ṣé kì í ṣe mákúrì nìyẹn? Májèlé ni o!

Tíṣà Físíìsì, Ìsánlú: Ẹ ò jayò pa, Ìyá Ìbejì. Mákúrì ni Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì, lò lọ́dún 1821 nígbà tó mú kí wáyà oníná máa yí po. Galinstan yàtọ̀: gálíọ̀mù, índíọ̀mù àti tánganran ni, kì í tú èéfín májèlé bíi mákúrì. Gálíọ̀mù nìkan ń yọ́ ní 29.76°C, ọ̀sán Kàbà á yọ́ ọ, ìdájí ọyẹ́ á tún mú un dì. Ìdí tí wọ́n fi pò ó mọ́ àwọn yòókù nìyẹn.

Àmọ́ má fi sí i o. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á yọ èèpo. Bí a bá ń rò ó, á di ẹrẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ rẹ ń yí ní bíi ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, á fọ́n ọn ká sórí wáyà. Òrùka méjì ló wà níbẹ̀: bí ẹ̀kán rẹ̀ bá so wọ́n pọ̀, ó ti jóná nìyẹn. Ara ẹ̀rọ náà tún jẹ́ alumíníọ̀mù, gálíọ̀mù sì ń wọ alumíníọ̀mù bí ikán ṣe ń wọ òpó. Lójú, ó pé. Fọwọ́ kàn án, á fọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé iná rẹpẹtẹ, tí wọ́n dí pa, ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá irú irin yìí. Iná tó ń gba ojú kábọ̀nù tìrẹ kò tó nǹkan.

Rewáyà, Ẹ̀gbẹ́: Tíṣà ti sọ̀rọ̀. Kábọ̀nù mẹ́ta lóṣù méjì, ẹ̀bi kábọ̀nù kọ́ o. Fi sáńpépà tó kúnná ra òrùka yẹn. Sípíríìnì wo ló ń ti kábọ̀nù náà?

Ọmọ Owé, Kàbà: Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ti báírò ni. Ti tẹ́lẹ̀ ló sọnù.

Rewáyà, Ẹ̀gbẹ́: Mo ti rẹ́rìn-ín ná. Wá ojúlówó kí o tó tún tàn án.