Ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́: kó gba àárín Ìkẹ́rẹ́ ni, àbí kó gba inú oko? Ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ọmọ Etí Títì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n sọ ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ di oníbejì, kí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ní títì tiwọn, ti ń lọ, kò tún sí ibi téèyàn jókòó sí ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọn ò ní dá a sílẹ̀, ìbáà jẹ́ nídìí ẹmu, ìbáà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gẹrun. Àwọn kan ní kí wọ́n fẹ èyí tó wà nílẹ̀, kó máa gba àárín ìlú kọjá bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní rárá, kó yà kúrò kó tó wọ̀lú, kó gba inú oko lọ, kó wá já sọ́nà Ìjù níwájú. Mi ò pe ẹnikẹ́ni wá jiyàn níbí. Ẹni tí ọ̀nà bá ti kan ilé rẹ̀, oko rẹ̀ tàbí ọjà rẹ̀ rí ni mò ń wá. Kó sọ ohun tójú rẹ̀ rí, kó sì sọ ibi tó fẹ́ kí èyí gbà.

Tèmi rèé. Ilé tí bàbá mi kọ́ wà létí títì. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọ̀kan gbé agolo ọ̀dà pupa dání. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọ X gàdàgbà sára ògiri iwájú, ó kọ nọ́ńbà sábẹ́ rẹ̀. Màmá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bi í pé, "Ọmọ mi, kí lẹ kọ yẹn?" Ó ní, "Màmá, iṣẹ́ ìjọba ni," ó bọ́ sílé kejì. Ẹni tó máa wá ṣàlàyé kò tíì dé títí dòní. Télọ̀ tó gba ṣọ́ọ̀bù iwájú ti kó jáde, ó ní òun ò lè máa ránṣọ níbi tí kátápílà lè ká òun mọ́. A ò lè kun ilé, a ò lè tà á, ta ló máa ra ilé tó ní X lára? Màmá mi wá gbé kàlẹ́ńdà ìjọ kọ́ sórí rẹ̀. Ibojì bàbá mi sì wà láàárín ògiri yẹn àti gọ́tà. Wọn ò kọ nọ́ńbà kankan sórí ìyẹn.

Kó gba inú oko. Ohun tèmi ń wí nìyẹn.

Awakọ̀ Àtijọ́

Àbúrò, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ bá mi kí Màmá. Mo ti ń ná ọ̀nà yẹn láti ìgbà tá a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti 1976 tí wọ́n ti fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú, títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996 tí wọ́n dá Èkìtì sílẹ̀, kò sí tíṣà Èkìtì tó fẹ́ wá fáìlì rẹ̀ tí kò ní ná ọ̀nà yẹn. Àwọn tó fẹ̀yìn tì náà ńkọ́, tó jẹ́ pé torí owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n ṣe ń jí wọkọ̀ ní ìdájí. Mo mọ ojú wọn, mo mọ àpò ìwé wọn.

Ohun tó ń fìyà jẹ awakọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe Ìkẹ́rẹ́, kòtò ni. Ṣùgbọ́n tí kòtò bá wá wà láàárín ìlú, ó parí. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, tírélà kan tó kó sìmẹ́ǹtì rì, ó dábùú títì pátápátá. Kò síbi tá a lè yà sí: ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún, ṣọ́ọ̀bù lósì, gọ́tà tí ò ní ìdérí láàárín. Èrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gun ọ̀kadà lọ, ọ̀pọ̀ ò sanwó. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n fún òun ní ṣéńjì owó tí kò san.

Nítorí náà, kí tírélà gba ẹ̀yìn ìlú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má torí ìyẹn pa ọ̀nà àárín ìlú tì o. Ìkẹ́rẹ́ ni púpọ̀ nínú èrò mi ti ń wọlé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú, ẹni tó ń lọ Bìní ló wà fún. Tí wọ́n bá ṣe é tán tí wọ́n ò tún fojú wo ti inú ìlú mọ́, èmi ò jèrè kankan.

Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì

Ẹ má torí tírélà lé oúnjẹ wa lọ o, ẹ̀gbọ́n awakọ̀.

Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá Èkìtì. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ àtijọ́ ń gba inú Ìkirè, Àpòmù àti Gbọ̀ngán kọjá. Dòdò Ìkirè ni màmá mi ń ṣe, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ata, epo pupa, a óò gún un, a óò dín in, a óò pọ́n ọn séwé. Ẹni bá ń kọjá lọ máa ń dúró, á bọ́ sílẹ̀, á kí màmá mi, á rà, á bèèrè omi. Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ wá gba ìta ìlú, àwọn ọkọ̀ bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ṣe ìkéde pé ọjà ti kó. Ńṣe la kàn ń rí i pé a ń kó dòdò padà sílé lálẹ́.

Àwa náà gbé igbá lé orí, a lọ bá wọn ní márosẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá ti rí wọn, àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ tí kò tíì dúró tán. Èmi náà sá a. Ọjà kì í kú, ó máa ń kó lọ síbòmíì ni. Ẹni tó ń kiri lè bá a kó. Ẹni tó ti gba ṣọ́ọ̀bù, tó ti sanwó ọdún méjì fún onílé, kí ló fẹ́ gbé?

Bí wọ́n bá máa gbà á gba ẹ̀yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́, kí wọ́n ṣe ibi tí ọkọ̀ lè yà sí, kí wọ́n kọ́ ìsọ̀ síbẹ̀ kí ọ̀nà tó ṣí, kí wọ́n sì fún àwa tá a wà lójú títì báyìí kí wọ́n tó fún ọmọ àwọn olóṣèlú. Ìgbà tí wọ́n pe ìpàdé nípa ọ̀rọ̀ yìí, onílé ni wọ́n pè. Onílé tèmi, Èkó ló ń gbé.

Ará Abúlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí ọ̀nà tẹ́ ẹ̀ ń yàn, ẹ kú oríire. Abúlé wa ò tíì rí ọ̀dà kankan, àti pupa àti dúdú.

Ọmọ Olóko Kòkó

"Kó gba inú oko, kó gba inú oko." Oko ta ni?

Ọ̀nà kan ti la oko bàbá mi kọjá rí. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò sì ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn tó wá ka igi dúró sójú ọ̀nà ẹsẹ̀, ọ̀kan ń nàka, ọ̀kan ń kọ ọ́ sínú ìwé. Igi tó bá wà lẹ́yìn igi, kò sí nínú ìwé nìyẹn. Bàbá mi kò bá wọn jà. Ó rẹ ẹfun, ó sàmì sára igi kọ̀ọ̀kan níbi tí ojú máa rí i, ó ní kí wọ́n padà wá kà á. Wọ́n padà wá, iye tí wọ́n kà sì ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ohun tí wọn ò gbà rárá ni àwọn kòkó tí kò tíì so. Wọ́n ní ọ̀gbìn kékeré nìyẹn. Ẹni tó bá gbin kòkó mọ̀ pé ó máa ń gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, lẹ́yìn náà á máa so fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún. Èyí tí kò tíì so yẹn gan-an lèèyàn ti ṣiṣẹ́ lé lórí tí kò tíì jẹ nínú rẹ̀.

Ti omi ló wá burú jù. Wọ́n kó yẹ̀pẹ̀ gíga sójú ọ̀nà, ó dí ipa odò kékeré kan tó ń gba inú oko wa. Kọ́fáàtì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, tí wọ́n rì síbẹ̀ kéré. Nígbà òjò, omi adágún sí apá òkè, ìdí kòkó wà nínú omi títí ewé fi pọ́n, àwọn igi sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Àwọn igi yẹn ò sí nínú owó gbà-má-bínú, torí ọ̀nà ò kàn wọ́n. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, ẹni tó ru kòkó gbọ́dọ̀ fi ẹrù lórí sáré sọdá títì, ọkọ̀ ń bọ̀ lápá méjèèjì.

Mi ò sọ pé kó má gba oko o. Tó bá máa gba oko, kí wọ́n kọ́kọ́ wá bi àgbẹ̀ léèrè ibi tí omi ń gbà lóṣù kẹsàn-án. Kò sí nínú máàpù wọn.

Bàbá Awọnlẹ̀

Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó ń fa ìlà náà máa ń rò, kì í ṣe láti gbè é, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá a sọ ni.

Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni Adó sí Àkúrẹ́. Lábẹ́ ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, mítà 45.72 ni ilẹ̀ ọ̀nà, láti àárín títì lọ sí apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa méjèèjì pọ̀, ó lé ní àádọ́rùn-ún mítà. Kí ẹnikẹ́ni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ dúró sáàárín títì, kó wọn mítà márùndínláàádọ́ta wọ inú ilé ní apá kan, kó wo ohun tó máa kù. Ìdí nìyẹn tí X fi wà lára ilé Màmá. Kí wọ́n sì wá kọ ọ́ sílẹ̀ láì kí onílé, láì padà wá, ìwà burúkú ni. Kò sí ìlànà tó ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìlú náà kì í ṣe ibi gbọọrọ tí èèyàn kàn lè fa ìlà sí. Òkúta ló yí Ìkẹ́rẹ́ ká, Olósùnta àti Òròlé kì í ṣe ohun tẹ́nì kan máa lọ fi bọ́ǹbù fọ́, ìlú ò ní gbà, àpò ìjọba náà ò ní gbà. Tí o bá yẹra fún òkúta, o bọ́ sínú àbàtà, o ní láti kó yẹ̀pẹ̀ dí i, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi tí ọmọ olóko kòkó sọ ti ń wáyé. Ọ̀nà tí ọkọ̀ máa fi eré sá lórí rẹ̀ ò sì lè rí kọ́lọkọ̀lọ bíi tàtijọ́.

Ibi tí ẹnu aráàlú ti lè wọlé nìyí: Òfin 1992 lórí àyẹ̀wò ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lórí àyíká. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta kí aráàlú kà á, ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n sì máa ń fún wọn láti fi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Mo ti wà níbi tí wọ́n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí rí, fún ọ̀nà mìíràn. Tábìlì kan, àga kan, ìwé tó nípọn tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àti ìwé tí àlejò máa kọ orúkọ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló wá, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ló ń wá. Wọ́n padà wá sọ pé aráàlú kò ta kò ó.

Èrò tèmi: ẹ̀yìn ìlú, ṣùgbọ́n kí ó sún mọ́ ìlú tó kí Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.

Ọmọ Èbìrà Èkìtì

Mo fẹ́ bi Bàbá ní nǹkan kan. Èbìrà ni wá, oko Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Ilẹ̀ tá à ń dá kì í ṣe tiwa, ìṣákọ́lẹ̀ là ń san. Nígbà tí ọ̀nà kan mú díẹ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, ẹ̀gẹ́ àti iṣu tí bàbá mi gbìn ni wọ́n kà, onílẹ̀ ni wọ́n sanwó fún. Ó fún bàbá mi ní owó ọkọ̀, ó ní kó lọ wá ibòmíì dá. Bàbá mi dúpẹ́. Ibi tí wọ́n ń pè ní "inú oko lásán" lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́ yìí, àwa la wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè wá sí ìpàdé kankan. Ṣé a tiẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan ni?

Bàbá Awọnlẹ̀

Ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978, abala 29, ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń lò ó ló dárúkọ papọ̀. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ní ìlànà ìbílẹ̀ sì wà lára àwọn tí òfin kà sí ẹni tó ń lò ó. Ilé, kànga, igi àti irè oko tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń sanwó lé. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó ilẹ̀ tí wọ́n san lọ́dún tí ìjọba gba ilẹ̀ náà nìkan ni wọ́n máa dá padà. Nítorí náà, onílẹ̀ tó gba owó ẹ̀gẹ́ tí kò gbìn, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló gbà.

Ọmọ Etí Títì, abala 33 wà fún Màmá: gómìnà lè fi ilé mìíràn rọ́pò owó fún ẹni tí wọ́n gba ilé ìgbé rẹ̀, tí gómìnà bá fẹ́ o, tí Màmá náà bá gbà. Ẹ tètè mọ̀ pé iye owó kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè gbé lọ kóòtù, abala 47 dí ibẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ ọ. Òfin yẹn ò dára, ṣùgbọ́n òun la ní.

Ọmọ Èbìrà Èkìtì

Ẹ ṣé, Bàbá. Ìwé wo ni mo máa fi hàn wọ́n? Epo àti iṣu la fi ń san ìṣákọ́lẹ̀, kò sí rìsíìtì.

Ọmọ Olóko Kòkó

Ẹ ya fọ́tò oko yín báyìí, kí ojú yín wà níbẹ̀, kí ọjọ́ hàn lórí fóònù. Ẹ kọ orúkọ àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà sílẹ̀, kí àwọn náà kọ tiyín. Tí baálé onílẹ̀ bá lè fọwọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ owó tó wọ̀ ọ́, á dáa. Tó bá ti wọ̀ ọ́, kò ní fọwọ́ sí i mọ́.

Ọmọ Èbìrà Èkìtì

Ọjọ́ wo ni ìpàdé tó kàn?

Ọmọ Etí Títì

Wọn ò tíì dá a. Tí mo bá gbọ́, màá kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ náà gan-an. Kó àwọn ará oko yòókù dání, kí Ìyá Oníbọ̀ọ̀lì náà kó àwọn ojú títì wá, bí wọn ò tiẹ̀ pè wọ́n.